Kí Ló Ń So Wáyà Mọ́lẹ̀? Ọ̀rọ̀ Lórí Gígùn Kébù Nínú Nẹ́tíwọ̀kì Ilé Iṣẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ iná àti instrument sọ ní Olúyọ̀lé, n'Ìbàdàn níbí, nìyí o. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ káwọn tí ò ráyè wá náà lè rí i kà, mo wá kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu mi, títí kan ìbéèrè tí wọ́n bi mí.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn náà, mo kí yín. Gbogbo wa la mọ Cocoa House ní Dùgbẹ̀. Ọdún 1965 ni wọ́n parí ẹ̀, àjà 26 ló ní, gíga ẹ̀ sì tó nǹkan bíi mítà 105. Tẹ́nì kan bá ní kẹ́ ẹ fa kébù Ethernet kan ṣoṣo, irú wáyà tá a fi ń so kọ̀ǹpútà mọ́ra, láti ìsàlẹ̀ ilé yẹn dé òkè pátápátá, kẹ́ ẹ so kọ̀ǹpútà kan mọ́ ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ so òmíràn mọ́ òkè, òfin iṣẹ́ wa ò gbà á, torí mítà 100 ló ní kó mọ. Kẹ́ ẹ tó yí igun kan, kẹ́ ẹ tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lára ògiri wọ inú box, ẹ ti kọjá ẹ̀. Gbogbo yín lẹ mọ 100 yìí, kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo wá sọ lónìí ni pé mímọ nọ́ḿbà yẹn nìkan ò tó, ìdí tí wọ́n fi fi síbẹ̀ lẹ gbọ́dọ̀ mọ̀, torí kì í ṣe ìdí kan náà ló ń so gbogbo wáyà mọ́lẹ̀. Níbòmíràn, signal, ìyẹn iná wẹ́rẹ́ tó ń gbé ọ̀rọ̀ gba inú wáyà, ló rẹ̀ lójú ọ̀nà. Níbòmíràn, signal ò rẹ̀ rárá, àkókò ni ò tó. Níbòmíràn ẹ̀wẹ̀, ilẹ̀ tẹ́ ẹ ri earth sí ló ń bá yín jà. Oògùn tó bá wo ọ̀kan lè pa èkejì, mo sì ń rí i tí àwọn èèyàn wa ń ra repeater, ẹ̀rọ tó ń gba signal tó sì ń tún un rán, sí ibi tí repeater ò ti lè ṣe nǹkan kan, owó á lọ, àìsàn á ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ PLC, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́, o. Lọ́dún 1858 wọ́n tẹ́ wáyà tẹligíráàmù sábẹ́ òkun Àtìláńtíìkì, láti Ireland títí dé Newfoundland tó ti wà lára Kánádà báyìí. Ọbabìnrin Victoria fi ìkíni ránṣẹ́ sí ààrẹ Amẹ́ríkà gba inú ẹ̀, ọ̀rọ̀ 98 péré, ó gbà tó wákàtí 16 kó tó dé tán. Wákàtí mẹ́rìndínlógún! Ohun tó fà á ni pé wáyà tó gùn bẹ́ẹ̀ nínú omi máa ń kó iná pamọ́ sára kó tó tú u sílẹ̀, nítorí ẹ̀ ohun tẹ́ ẹ bá tẹ̀ níhìn-ín kò ní jáde lọ́hùn-ún bó ṣe wọlé, á fẹ̀, á na ara ẹ̀, á kó wọnú èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, ẹni tó wà lọ́hùn-ún ò wá ní mọ èyí tó jẹ́ èwo. William Thomson, ẹni tí wọ́n padà sọ di Lord Kelvin, ti ṣírò ẹ̀ ṣáájú, ó ní tẹ́ ẹ bá sọ gígùn irú wáyà bẹ́ẹ̀ di ìlọ́po méjì, ìdádúró ẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Wildman Whitehouse tó jẹ́ onímọ̀ iná fún wọn ò gbà á gbọ́, lójú tiẹ̀ agbára ló kù díẹ̀ káàtó, ó bá ti nǹkan bíi 2000 volt wọ inú wáyà náà, kò sì lò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tó fi kú. Mo sọ ìtàn yìí torí àwọn Whitehouse ṣì pọ̀ láàárín wa. Tí nẹ́tíwọ̀kì ò bá ti dé ibi tí wọ́n fẹ́ kó dé, ohun àkọ́kọ́ tó máa wá sí wọn lọ́kàn ni nǹkan tó máa fún un lágbára sí i.

Ẹ jẹ́ ká wá wo bí signal ṣe ń yára sí. Nínú ọ̀pọ̀ kébù tá à ń lò, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta eré ìmọ́lẹ̀ ló ń sá, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 200,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó yá gan-an lójú wa, àmọ́ tẹ́ ẹ bá yí i padà, mítà kan ń gbà á ní nanosecond 5 (bílíọ̀nù nanosecond ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan), mítà 200 á gbà á ní 1000, ìyẹn microsecond kan gbáko, ẹ̀rọ tó sì ń sọ mílíọ̀nù bit, ìyẹn 0 tàbí 1 kọ̀ọ̀kan, láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, microsecond kan yẹn náà ni gbogbo àyè tí bit kọ̀ọ̀kan ní. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sídìí ẹ̀.

Yàtọ̀ sí eré, signal tún ń rẹ̀. Bó ṣe ń lọ ni wáyà ń jẹ lára ẹ̀, bí eré ọ̀rọ̀ náà bá sì ṣe pọ̀ tó ni wáyà ṣe ń jẹ ẹ́ tó. Ìdí nìyẹn tí eré àti gígùn fi ń bá ara wọn pín. Tẹ́ ẹ bá dúró lórí Òkè Àrẹ tẹ́ ẹ fẹ́ bá ẹni tó wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún sọ̀rọ̀, ẹ ò ní sáré tu ọ̀rọ̀ sílẹ̀ wuruwuru, ẹ máa fà á lọ́kọ̀ọ̀kan ni, kí ìkíní lè dé kí ìkejì tó tẹ̀ lé e. Ohun tí RS-485, ìlànà fífi wáyà so ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ pọ̀, ń ṣe gan-an nìyẹn. Láti 1983 ni ìlànà ẹ̀ ti wà, ó ní ẹ lè lọ tó mítà 1200 tẹ́ ẹ bá rọra sọ̀rọ̀, ní nǹkan bíi 100 kilobit (ẹgbẹ̀rún bit lọ́nà ọgọ́rùn-ún) láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá sáré dé megabit (mílíọ̀nù bit) 10, mítà mélòó kan péré ló kù fún yín. Modbus, èdè tí ẹ̀rọ fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, tí ilé iṣẹ́ Modicon gbé jáde ní 1979, orí RS-485 yìí ni ọ̀pọ̀ ń gbé e sí, ní bit 9600 tàbí 19200 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdí nìyẹn tó fi ń lọ jìnnà tí kò sì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ẹ má bínú sí i pé kò yára o, àìyára ẹ̀ ló ń gbé e dé ibi tó ń dé.

Profibus DP náà, nẹ́tíwọ̀kì ilé iṣẹ́ mìíràn, orí RS-485 yẹn ló wà, wáyà ẹ̀ aláwọ̀ elése àlùkò lẹ ti rí. Wọ́n kọ tiẹ̀ sílẹ̀ kedere: láti 9.6 dé 93.75 kilobit, mítà 1200. 187.5, mítà 1000. 500, mítà 400. Megabit 1.5, mítà 200. Láti 3 lọ dé 12, mítà 100 péré. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ilé ìlọ̀ oúnjẹ adìẹ kan wà ní ọ̀nà Mọ́níyà, control room wà níwájú, silo, àgbá ńlá tí wọ́n ń kó ọkà sí, wà lẹ́yìn, wáyà láàárín wọn jẹ́ mítà 160. Ní 1.5 ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá dé, ó wo settings, ó ní àwọn èèyàn yìí ò mọ̀ pé ẹ̀rọ yìí lè sá dé 12, ó sún un sókè, ló bá di pé silo ń yọ kúrò lórí nẹ́tíwọ̀kì. Wọ́n á pààrọ̀ connector, wọ́n á pààrọ̀ module, wọ́n á bú ẹni tó ta wáyà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kí wọ́n dá eré padà sí 1.5 ló máa yanjú ẹ̀, kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Ẹ bi ara yín kí ló ń gba inú wáyà náà gan-an: ìwọ̀n àgbàdo inú silo, tí kì í yí padà kíákíá. Kí ni ẹ fẹ́ fi megabit 12 ṣe sí ìyẹn?

Níbi tí ìdáhùn bá ti jẹ́ pé signal rẹ̀, repeater wúlò. Ó máa gbà á, á tún un ṣe, á rán an lọ ní tuntun, ẹ sì ní segment mìíràn, ìyẹn abala wáyà mìíràn, tí gígùn ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Kẹ́ ẹ kàn rántí pé repeater náà gba àyè kan nínú ẹ̀rọ 32 tí segment kọ̀ọ̀kan lè gbé, ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé láti kà á.

Àmọ́ ẹ wo CAN, nẹ́tíwọ̀kì mìíràn. Ilé iṣẹ́ Bosch ló gbé e jáde lọ́dún 1986, inú mọ́tò ni wọ́n ṣe é fún, ó wá wọ ilé iṣẹ́, ó wọ inú lift, ó wọ inú ẹ̀rọ oko. CAN ní 1 megabit, nǹkan bíi mítà 40 ló mọ. Ní 500 kilobit, 100. Ní 250, 250. Ní 125, 500. Ní 50, ẹ lè lọ tó 1000. Tẹ́ ẹ bá wo àwọn nọ́ḿbà yìí lásán, ẹ máa rò pé ọ̀rọ̀ kan náà ni pẹ̀lú RS-485, pé signal ló ń rẹ̀. Rárá o. Ní mítà 40, signal ò tíì rẹ̀ rárá, ó ṣì le koko. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé CAN ò ní ọ̀gá tó ń pín ọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ méjì lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á máa fi nọ́ḿbà wọn wéra, bit kan tẹ̀ lé bit kan, ẹni tó bá fi 1 ránṣẹ́ tó sì rí 0 lórí wáyà á mọ̀ pé ẹlòmíràn ló lẹ́tọ̀ọ́, á dákẹ́ fún un, ọ̀rọ̀ ẹni yẹn ò sì ní bàjẹ́. Mo fẹ́ràn ìlànà yìí púpọ̀, ó mọ́gbọ́n dání. Àmọ́ kó tó lè ṣẹlẹ̀, bit tó jáde láti ìpẹ̀kun kan gbọ́dọ̀ dé ìpẹ̀kun kejì, kí èsì ẹ̀ sì padà wá, kí àkókò bit kan ṣoṣo tó tán. Ní 1 megabit, bit kan jẹ́ nanosecond 1000. Àlọ mítà 40 jẹ́ 200, ìpadàbọ̀ ẹ̀ jẹ́ 200, ìyẹn 400, àwọn chip tó ń gbé e wọlé gbé e jáde lápá méjèèjì sì tún jẹ nínú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n gbọ́dọ̀ ka bit náà kó tó parí. Ibẹ̀ ni gbogbo àyè náà gbà tán.

Ẹ wá rí i báyìí. Tẹ́ ẹ bá ra repeater lásán sáàárín CAN tó ti gùn jù, ẹ ò mú un gùn sí i rárá, ṣe lẹ tún gbà lára ìwọ̀nba àkókò tó ní, torí repeater náà ní ìdádúró tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ra wáyà tó nípọn, nǹkan kan náà. Ìmọ́lẹ̀ inú fiber, okùn gíláàsì, pàápàá ò yára ju iná inú wáyà bàbà lọ lọ́nà tó máa gbà yín sílẹ̀. Ohun méjì ló wà: ẹ dín eré kù, tàbí kẹ́ ẹ fi bridge pín in sí méjì, èyí tó máa gba ọ̀rọ̀ tán lápá kan kó tó tún un sọ lápá kejì, kí apá kọ̀ọ̀kan máa bá ara ẹ̀ jiyàn láyè ara ẹ̀.

Ethernet náà ti wà nínú irú ìgbèkùn yìí rí. Nígbà tí gbogbo ẹ̀rọ ń pín wáyà kan, tí wọ́n ń gbọ́ bóyá ọ̀rọ̀ àwọn ti forí gbárí pẹ̀lú ti ẹlòmíràn, àkókò ló ń darí gígùn: bit 512 ni wọ́n fún un láti fi gbọ́ pé nǹkan forí gbárí, ní megabit 10 ìyẹn jẹ́ microsecond 51.2, nígbà tí wọ́n sáré dé 100 ó di 5.12, gbogbo àyè bá fún. Ẹ̀rí tó dùn mọ́ mi jù lọ rèé: 100BASE-FX, irú Ethernet kan lórí fiber, tẹ́ ẹ bá lò ó lọ́nà àtijọ́ tí wọn kì í sọ̀rọ̀ kí wọ́n gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, mítà 412 ló mọ, tẹ́ ẹ bá lò ó ní full duplex, mítà 2000. Fiber kan náà, ìmọ́lẹ̀ kan náà, gíláàsì kan náà! Kò sí nǹkan tó yí padà lára wáyà, òfin ìsọ̀rọ̀ ló yí padà. Switch tá à ń lò lónìí, àpótí tí wáyà ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wọ̀ sí tó ń pín ọ̀rọ̀ fún wọn, ti mú ìforígbárí kúrò, nítorí ẹ̀ mítà 100 tó kù lórí wáyà bàbà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àkókò mọ́, ọ̀rọ̀ agara àti ariwo, ìyẹn iná ibòmíràn tó ń da signal láàmú, ni báyìí.

100 yẹn náà, ẹ jẹ́ ká tú u wò. 90 ni ti wáyà tó wà nínú ògiri tàbí lórí tray, 10 tó kù ni ti patch cord, wáyà kúkúrú tó so ẹ̀rọ mọ́ ọn, lápá méjèèjì. Wáyà inú patch cord, okùn wẹ́wẹ́ tó lọ́ mọ́ra ni, ó máa ń jẹ signal ju ti inú ògiri lọ, ẹ má fi patch cord fa iṣẹ́ tó gùn. Ohun kejì, nígbà tí wọ́n sọ 90 yẹn, yàrá tó tutù ni wọ́n ń rò, 20 digirí. Àwa ń fa wáyà gba abẹ́ páànù n'Ìbàdàn, lóṣù March, tí òrùn ti ń na páànù láti àárọ̀! Bí ooru bá ṣe ń pọ̀ ni wáyà ń jẹ signal sí i: fún wáyà tí kò ní ìbòrí irin, ó ń lé ní nǹkan bí 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún fún digirí kọ̀ọ̀kan láti 20 dé 40, láti 40 dé 60 ó di 0.6. Tí wáyà bá wá wà níbi tó gbóná dé 60, 90 yẹn ti di nǹkan bíi 75. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀, torí àwọn tó ń fa wáyà gba àjà ilé kì í rò ó, ó máa ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀, á máa ṣe ségesège lọ́sàn-án, á tún dára nírọ̀lẹ́, àwọn èèyàn á ní ayé ló ń ṣe é.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ wáyà tí kì í ṣe bàbà, èyí bà mí nínú jẹ́ gan-an. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi bàbà fẹ́ẹ́rẹ́ bò lójú, tí wọ́n kọ Cat 6, orúkọ ìpele wáyà Ethernet kan, sí lára, ó kún ọjà. Alumíníọ̀mù ń dènà iná tó nǹkan bí ìlọ́po 1.6 ti bàbà, ìlànà Cat 5e àti Cat 6 ò sì gbà á rárá, wáyà bàbà gidi ni wọ́n ní kẹ́ ẹ lò. Tẹ́ ẹ bá tún wá ń gba iná kámẹ́rà gba inú ẹ̀, wàhálà di méjì. Pẹ̀lú bàbà gidi pàápàá, PoE (iná tó ń gba inú wáyà Ethernet) àkọ́kọ́ ń fi watt 15.4 ránṣẹ́, 12.95 ni wọ́n ń fọwọ́ sọ̀yà pé ó máa dé ọ̀dọ̀ kámẹ́rà, èyí tó kù ti di ooru lójú ọ̀nà. Tẹ́ ẹ bá dé Queen Cinema tàbí ibikíbi tẹ́ ẹ ti ń rà á, ẹ fi ọ̀bẹ ha wáyà náà lára, tí inú ẹ̀ bá funfun, ẹ dá a padà. Ẹ gbé páálí ẹ̀ wò pẹ̀lú, tó bá fúyẹ́ jù, ẹ má rà á bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Iye tẹ́ ẹ fi dín owó kù lónìí, ẹlòmíràn ló máa san án ní òru tí line dúró.

Ọ̀rọ̀ ìpẹ̀kun wáyà náà wà. Signal tó bá dé òpin wáyà tí kò rí nǹkan tó máa gbà á, á ta padà sẹ́yìn, á lọ dàrú mọ́ èyí tó ń bọ̀. Resistor 120 ohm (ohun kékeré tó ń dènà iná) lápá méjèèjì ló ń gbà á lórí RS-485 àti CAN. Apá méjèèjì ni mo wí o, kì í ṣe àárín, kì í sì í ṣe ìdí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ka tó yà kúrò lára wáyà gbọ̀ọ̀rọ̀ náà ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó kúrú. DeviceNet, nẹ́tíwọ̀kì kan tó wà lórí CAN, sọ tiẹ̀ síta, mítà 6 ni ẹ̀ka kan ò gbọdọ̀ kọjá. Mo ti rí ibi tí wọ́n fa RS-485 bí wọ́n ṣe ń fa iná gílóòbù, gbogbo wáyà pàdé nínú box kan láàárín, ó rí bí ìràwọ̀, wọ́n wá ń ṣírò pé kò tó mítà 300 lápapọ̀, kí ló dé tí kò ṣiṣẹ́. Gígùn ò ṣe nǹkan kan níbẹ̀, bí wọ́n ṣe tò ó ló burú.

Èyí tó kù ni ilẹ̀. Òjò ìlú yìí, ẹ mọ bí àrá ẹ̀ ṣe máa ń sán lóṣù April àti October. Tẹ́ ẹ bá fa wáyà bàbà láti ilé kan lọ sí èkejì, ẹ ti so ilẹ̀ ilé méjèèjì pọ̀, ilẹ̀ ilé méjì kì í sì í jẹ́ ọ̀kan náà, pàápàá tí jẹnẹrétọ̀ bá wà lápá kan tí iná ìjọba wà lápá kejì. RS-485 gbà kí volt orí wáyà, tẹ́ ẹ bá fi wé ilẹ̀ ẹ̀rọ tó ń gbà á, wà láàárín 7 volt sísàlẹ̀ sí 12 volt sókè. Tó bá kọjá ìyẹn, chip á máa ṣìwà hù tàbí kó jóná, mítà 50 lè jóná bí mítà 1000. Tó bá ti ń jáde kúrò nínú ilé kan wọ òmíràn, èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ lo fiber, kẹ́ ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kò gbé iná, àrá ò rí nǹkan kan gbà lára gíláàsì, kẹ́ ẹ sáà ríi pé èyí tẹ́ ẹ rà ò ní irin nínú èèpo ẹ̀. Gígùn ẹ̀ tún wá jẹ́ èrè: gigabit lórí multimode, irú fiber kan, tó jẹ́ 50 micron, 1000BASE-SX, ń lọ tó mítà 550, single mode, irú kejì, sì ń lọ ní kìlómítà.

Wọ́n wá bi mí ní ìbéèrè. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀gá mi fa Cat 6 dé mítà 130, iná ẹ̀ ń ṣẹ́jú, ó ń ṣiṣẹ́ títí dòní, ṣé irọ́ wá ni 100 yẹn ni?"

Ìbéèrè tó dáa gan-an ni. Kì í ṣe irọ́. 100 ò túmọ̀ sí pé ní 101 ó máa kú, ohun tó túmọ̀ sí ni pé títí dé 100, tí gbogbo nǹkan bá wà bí ìlànà ṣe wí, wọ́n ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún yín, lẹ́yìn ẹ̀ kò sẹ́ni tó dúró fún yín mọ́. Iná tó ń ṣẹ́jú kàn ń sọ pé wọ́n rí ara wọn ni. Nínú ọ́fíìsì, tí ọ̀rọ̀ kan bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, kọ̀ǹpútà á tún un rán, ẹni tó ń wo fídíò ò ní mọ̀. Nẹ́tíwọ̀kì tó ń darí ẹ̀rọ ò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Profinet, Ethernet ilé iṣẹ́, ń sọ̀rọ̀ ní ìwọ̀nba millisecond, ọ̀rọ̀ tó bá pẹ́ dé ti di àpà, lọ́pọ̀ ibi tí ìgbà mẹ́ta bá ti kọjá léraléra tí ọ̀rọ̀ ò dé, PLC á kà á sí pé ẹ̀rọ náà ti kú, á dá line dúró. Ẹ wọ inú switch yẹn, ẹ wo ibi tó ti ń ka CRC error, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́ lójú ọ̀nà, tí iye ẹ̀ bá ń gorí, ẹ̀ ń jẹ gbèsè. Òjò kan, motor tuntun kan tí wọ́n fi drive ẹ̀ (ẹ̀rọ tó ń darí eré motor) sẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà yẹn, gbèsè dé nìyẹn.

Ọ̀kan ní ṣé kóun kàn fi switch sáàárín. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn switch mítà 100 mìíràn bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ẹ rántí pé switch yẹn ń fẹ́ iná, ó ń fẹ́ box tí omi ò ní wọ̀, ó sì tún ń fi ìdádúró kún un: tó bá jẹ́ irú èyí tó máa ń gba ọ̀rọ̀ tán kó tó rán an lọ, ọ̀rọ̀ tó gùn jù ní megabit 100 jẹ́ nǹkan bíi microsecond 121 fún switch kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ò ṣe nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá so ogún tẹ̀ lé ara wọn sídìí ẹ̀rọ tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ gbọ́dọ̀ dé láàárín millisecond kan, ẹ ti gba ìwòsàn agara, ẹ sì ti kó àìsàn àkókò.

Bàbá kan tó ti ń ṣe iṣẹ́ instrument tipẹ́ béèrè nípa wáyà oníbejì kan ṣoṣo tí wọ́n ń pariwo ẹ̀. Òótọ́ ni sà. 10BASE-T1L, ọdún 2019 ni IEEE, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìlànà Ethernet, fọwọ́ sí i, ó ń gbé Ethernet ní megabit 10 lórí wáyà méjì péré tó lọ́ mọ́ra, títí dé mítà 1000, ó sì lè gbé iná sensor pọ̀ mọ́ ọn. Wọ́n dín eré kù láti 100 sí 10 kí gígùn lè pọ̀ sí i, ohun kan náà tí mo ti ń sọ láti àárọ̀. Fún ibi bíi Aṣéjíre tí pọ́ǹpù àti àgbá omi jìnnà síra, irú ẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò tí wọ́n bá ń kọ́ tuntun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè bẹ́ ẹ ṣe máa wọn gígùn wáyà tó ti wà nílẹ̀, ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n, ẹ má sì fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, torí wáyà ń gùnkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń yípo ẹ̀rọ, ẹlòmíràn tún ká mítà 10 pamọ́ sínú box. Ọ̀pọ̀ kébù ni wọ́n tẹ mítà sí lára èèpo ẹ̀. Ẹ ka èyí tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ka èyí tó wà ní òpin, ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni ti ọmọ kan tó ní mítà oníná lásán, ìyẹn multimeter, lòun ní, òun ò ní owó ẹ̀rọ ńlá, kí lòun lè fi wò. Ó pọ̀. Pa iná gbogbo ẹ̀rọ tó wà lórí CAN tàbí RS-485 náà, fi mítà sí ohm, wọn wáyà méjèèjì síra. Resistor 120 méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn á fún ẹ ní nǹkan bíi 60, tí wáyà bá gùn gan-an ó lè yẹ̀ díẹ̀. Tó bá jẹ́ Profibus, yọ connector kúrò lára àwọn ẹ̀rọ kó o tó wọ̀n ọ́n, tiẹ̀ jẹ́ 220 méjì, á fún ẹ ní nǹkan bíi 110. Tó o bá rí 120 lórí CAN, ìpẹ̀kun kan ò ní resistor tàbí wáyà ti já lójú ọ̀nà. Tó o bá rí 40, ẹnì kan ti fi ìkẹta sí ibì kan láàárín, máa ṣí box ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí wàá fi rí i, kó o yọ ọ́ kúrò kó o tó pe ẹnikẹ́ni pé wáyà ti gùn jù.